Ó Ku Ẹ̀ẹ̀kan Péré

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo ti di ọmọ ilé-ìwé padà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì láàárín àwọn ọmọ tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Bí mo ṣe wọ kíláàsì, ọ̀kan nínú wọn fò dìde, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ó rò pé èmi ni olùkọ́. Mo kí i, mo sì lọ jókòó sẹ́yìn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo wọn ti ń pè mí ní Àǹtí. Mi ò janpata.

Ọ̀gá Jímù, ẹni tó ni ilé ìdárayá àdúgbò wa, pè mí nírọ̀lẹ́, ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ kí n má baà gbàgbé: bí mo bá gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ìdárayá kí oṣù kẹfà tó parí, àyè kan wà fún mi lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ni yóò mú. Ó ní, "Ẹ má bínú o, mi ò lè fi àyè sílẹ̀ lásán." Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Láti ìgbà tí báńkì ti ní ká máa lọ sílé, gbogbo ibi tí mo wá iṣẹ́ dé, ọjọ́ orí mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Òun nìkan ló ní kí n gbé irin kan kí òun wò ó.

Bàbá bèèrè ohun tí wọ́n kọ́ wa lónìí. Mo ní orúkọ eegun.

"Eegun? Nígbà tiwa, a kì í dárúkọ wọn. A kàn ń lò wọ́n ni."

Wọ́n yíjú sí fèrèsé padà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lónìí, owó ọkọ̀ sì lọ sókè lọ́jọ́ kan náà. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ, mo fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ìdárayá ni.

Bàbá kò kúrò lórí àga láti àárọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀ tí eegun ìbàdí wọn dá, dókítà ti ṣe tirẹ̀, eegun sì ti jinná. Dókítà ní kí wọ́n máa jókòó, kí wọ́n máa dìde, kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀. Àfi bí ẹni pé "jókòó" nìkan ni wọ́n gbọ́. Ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún lé ọmọ ọlọ́mọ yí pápá ilé-ìwé ká, tí gbogbo àdúgbò ṣì ń pè ní Tíṣà! Bí mo bá ní kí wọ́n dìde díẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń wo òjò. Bí òjò bá dá, wọ́n á ní àwọn ń dúró dè é.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n ní kí kálukú wa wá ẹnì kan tí yóò máa fi dánra wò. Èmi mú Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ tí wọ́n ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, tí ẹ̀yìn ń dùn nítorí ìjókòó ìdí ẹ̀rọ. Wọ́n gòkè wá sí pálọ̀ wa pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Àbúrò mi, kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ lóṣòó díẹ̀, kí ẹ tún dìde. Ẹ ṣe é bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga."

"Àga dà?"

"Kò sí àga níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló gbé e?"

A ṣá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ṣe dáadáa, gìgísẹ̀ wọn kò kúrò nílẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, mo pariwo pé, "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré!" Wọ́n ṣe é. Mo tún ní, "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré!" Wọ́n ṣe é, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ̀ẹ̀kan yìí, ṣé ó ń bímọ ni?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín nídìí fèrèsé. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú. Àwọn ló kúkú ni ọ̀rọ̀ "ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré" náà, ẹnu wọn ni mo ti kọ́ ọ. Inú mi dùn débi pé ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Ẹni tó jókòó níwájú mi fi ìpara pa orúnkún rẹ̀ ní kíláàsì, òórùn rẹ̀ sì gbé mi lọ. Olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa iṣan itan, èmi ti wà lórí pápá.

Ìpara yẹn náà ni Bàbá máa ń fi pa èmi àti àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ kùtù nígbà èwe mi. Iyanrìn pápá á tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ẹfun tí wọ́n fi fa ìlà á lẹ̀ mọ́ wa níka ẹsẹ̀ dé ilé. Bàbá á dúró níwájú wa, fèrè lọ́rùn. Màmá á dúró lẹ́yìn Bàbá pẹ̀lú ike omi. Oòrùn á máa yọ bọ̀ lẹ́yìn àwọn méjèèjì, a ó máa fọwọ́ ṣíji bojú ká tó lè rí wọn. Bàbá á pariwo, "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré!" A ó sáré. Wọ́n á tún pariwo ohun kan náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé irọ́ ni nínú wa, síbẹ̀ a ń sáré, à ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń pè ní Kánjú, nítorí n kì í dúró de fèrè.

Mo fẹ́ràn àwọn àárọ̀ wọ̀nyẹn ju ohunkóhun tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́yìn wọn lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó ní báńkì, gìgísẹ̀ mi kì í balẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé mo fẹ́ lọ tọ̀ ni.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò látàárọ̀. Mo ka ìwé títí ojú fi ń ta mí. Bàbá ní kí n pa ìwé dé, kí n wá bá àwọn wo òjò. Mo lọ.

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo yege nínú ìdánwò alákọsílẹ̀! Àwọn ọmọ kíláàsì mi gbé mi sókè, wọ́n sì tètè gbé mi kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, ẹ wúwo o." Mo ní iṣan ló ń wúwo, kó lọ ka ìwé rẹ̀.

Mo ra ẹyin bọ̀ wálé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyin ti di ohun àwọn olówó. Ó ku ìdánwò àfọwọ́ṣe nìkan. Bàbá fi búrẹ́dì nu ojú àwo wọn mọ́ tónítóní, wọ́n ní, "Ìyẹn ò lè ṣòro fún ọ. Orí pápá ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún

Mo fìdí rẹmi.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bóyá inú mi á rọ̀. Obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín ni olùdánwò. Wọ́n fún mi ní ọkùnrin kan tí mi ò rí rí, kí n kọ ètò ìdárayá fún un, kí n sì tọ́ ọ sọ́nà. Mo kọ ọ́ pé kó gbé irin lé èjìká, kó sì lóṣòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, mo bá a ṣàwàdà kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Mẹ́wàá pé. Ó yẹ kí n ní ó tó. Ṣùgbọ́n ara mi ti yá, mo ti dé orí pápá, ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀: "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré!" Ó ṣe é. Mo tún sọ ọ́. Ó ṣe é. Mo tún sọ ọ́. Bó ṣe lọ sílẹ̀ báyìí, orúnkún rẹ̀ méjèèjì yẹ̀ wọnú, irin fẹ́ já bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Olùdánwò àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ kan ni wọ́n sáré gbá a mú.

Kò fara pa. Mo dúpẹ́ títí ẹnu fi ń ro mí.

Olùdánwò ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ kọ sílẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, mà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jẹ́ kó ṣe?"

Mi ò mọ̀.

"Ẹni tó gbé irin lé èjìká, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ló gbára lé. Tí ẹ bá sọ fún un pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan, agbára ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa fi pamọ́. Nígbà tí ẹ bá wá fi kún un, kí lẹ fẹ́ kó lò?"

Ó ní kí n padà wá ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà. Tí n kò bá yege lọ́jọ́ náà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀gá Jímù kò sì ní dúró dè mí di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Bàbá láàárọ̀. Mo rò pé wọ́n á bá mi kẹ́dùn.

"Ta ló ní kí o purọ́ fún ẹni tó gbé irin lérí?"

"Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi! Láti kékeré lẹ ti ń pariwo ẹ̀ sí mi létí."

"Èmi mọ iye tó kù nígbà gbogbo. Bí mo bá ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan, mo ti mọ ibi tí màá ti fọn fèrè. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Inú bí mi gan-an. Mo ní tí wọ́n bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dìde lórí àga yẹn kí n rí i. Mo wọ yàrá, mo sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí ju ìdánwò lọ.

Ajé, ọjọ́ kejìlá

"Ẹ káàárọ̀" àti "o ṣé" nìkan ló ń kọjá láàárín èmi àti Bàbá. Òjò kò rọ̀. Wọ́n ṣì ń wo ìta.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ gba bùláòsì mi lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ. Píìnì kún ẹnu wọn bámúbámú. Oníbàárà kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó bèèrè pé ó ku ọjọ́ mélòó kí aṣọ òun tó jáde. Ẹ̀gbọ́n kò lè la ẹnu, wọ́n kàn gbé ọwọ́ sókè, ìka mẹ́ta. Oníbàárà ní ó dáa, ó sì lọ.

Mo tẹjú mọ́ ìka mẹ́ta yẹn. Màmá ni mo rí.

Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Tí Bàbá bá ti ń pariwo pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré, Màmá tó dúró lẹ́yìn wọn á gbé ọwọ́ sókè kọjá orí Bàbá, wọ́n á fi ìka mẹ́ta hàn wá. A ó sáré. Bàbá á tún ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Màmá, ìka méjì. Màmá kò ṣì í rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń mọ iye tí Bàbá ní lọ́kàn, bóyá wọ́n ti jọ sọ ọ́ nílé. Ohùn Bàbá la ń gbọ́, ọwọ́ Màmá la ń wò. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú wa bá ti ń gbọ̀n, ìka Màmá á dín kù, láìpẹ́ fèrè á dún. Bàbá kò fura rárá. Àṣírí àwa ọmọ àti Màmá ni.

Ohùn Bàbá nìkan ni mo mú lọ síbi ìdánwò. Mo fi ọwọ́ Màmá sílẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí Màmá ti lọ, ṣùgbọ́n àárò wọn sọ mí lónìí bí ẹni pé àná ni. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ tu píìnì sọ́wọ́, wọ́n ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Bùláòsì náà kò fún tó bẹ́ẹ̀."

Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Mo fa àga tèmi sí ẹ̀gbẹ́ ti Bàbá.

"Bàbá, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n máa fi yín dánra wò."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Wọn ò gba ohun tí mo bá kà gbọ́ mọ́."

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e mì. "Kí ni màá ṣe?"

"Ẹ dìde lórí àga, kí ẹ tún jókòó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún."

"Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹfà, mi ò tún bá ọ ṣe é mọ́."

Wọ́n di ọwọ́ àga mú, wọ́n dìde. Mo ń kà, mo sì ń fi ìka hàn wọ́n bí mo ṣe ń kà. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, itan wọn ń gbọ̀n. Ẹnu ń yún mi. Mo ní, "Ó tán, Bàbá."

"Ó tán?"

"Ó tán."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lónìí! Èmi wà níwájú, mò ń fẹ̀yìn rìn, wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ gbọ́ ìró ọ̀pá, wọ́n ṣílẹ̀kùn.

"Tíṣà! Ta ló sọ̀ yín kalẹ̀?"

"Ọmọ yìí ni. Tó bá ní ìṣísẹ̀ méjì ló kù, méjì náà ló kù. Mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n jókòó níbẹ̀ mu tíì, wọ́n sì ń tọ́ka sí bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀yìn jù nídìí ẹ̀rọ. Tíṣà ti dé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Bàbá fẹ́ fi ẹ̀ẹ̀kan kún iye tí mo kà. Mo kọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ Kánjú lo wá ń dá èmi dúró?" A rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀rù ìdánwò Ọjọ́bọ̀ ń bà mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo yege. Mo yege. Mo yege.

Olùdánwò ọjọ́sí náà ni. Wọ́n fún mi ní ìyá àgbà kan tí ara wọn le dáadáa. Mo kọ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, irin tó fúyẹ́. Mò ń kà sókè ketekete, mo sì ń fi ìka hàn wọ́n. Ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ, mo rí i tí orúnkún wọn ọ̀tún fẹ́ yà wọnú, díẹ̀ báyìí, ẹni tí kò bá wò ó dáadáa kò ní rí i. Mo ní, "Ó tán, mà. Ẹ gbé irin kalẹ̀."

Olùdánwò ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lẹ kọ."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni orúnkún wọn gbà."

Ó kọ nǹkan, ó kọ ọ́ pẹ́. Mo ti ń ro bí màá ṣe sọ fún Ọ̀gá Jímù. Ìgbà tó gbójú sókè, ó ní, "Ohun tí mò ń wá nìyẹn," ó sì rẹ́rìn-ín. Ó léyín o! Ó ní èjí níwájú, ó sì yẹ ẹ́ gan-an.

Bàbá gba ìwé ẹ̀rí náà, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wọ́n ṣá ní kí n gbé ìpara àwọn wá, wọ́n sì ní kí n na ẹsẹ̀ mi. Wọ́n fi pa mí lẹ́sẹ̀ bí ìgbà tí mo wà ní kékeré.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní jímù. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi kò wọ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ á tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fà lé mi lọ́wọ́ ni awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ikùn rẹ̀ ti wọlé tán kí òun alára tó wọlé. Kò tíì ṣe púpọ̀ tó fi ké pé, "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ó ku mélòó?"

Mo gbé ìka méjì sókè. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀, ó sì ṣe méjèèjì.

Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Bàbá ní àwọn fẹ́ rí pápá. A lọ láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Koríko ti gba apá kan, ìlà ẹfun ti parẹ́, ṣùgbọ́n iyanrìn náà ṣì tutù. Mo bọ́ bàtà. Bàbá ní kí n bá àwọn bọ́ tàwọn náà.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ rìn létí ọgbà, láti òpó dé òpó, títí dé ibi tí wọ́n máa ń dúró sí fọn fèrè. Mo wà lẹ́yìn wọn pẹ́kípẹ́kí, kí n lè gbá wọn mú tí ẹsẹ̀ bá yẹ̀. Oòrùn ń yọ lẹ́yìn wa. Nígbà tó yá, ìrìn wọn falẹ̀, ọ̀pá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì rí i pé wọ́n fẹ́ dúró. Mi ò mọ ohun tó gbé e sí mi lẹ́nu.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá!"

Òpó méjì ló kù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ọwọ́ mi gòkè fúnra rẹ̀, ìka méjì, kọjá orí wọn. Kò kúkú sí ẹnì kankan lórí pápá tí yóò rí i.

Bàbá dúró. Wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé nǹkan ti ṣe wọ́n, mo sáré di apá wọn mú. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

"Òpó méjì ló kù," ni wọ́n wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Wọ́n ní kí n padà sí ibi tí mo wà, kí n gbé ọwọ́ mi sókè bó ṣe wà. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sílẹ̀ níwájú wọn. Òjìji wa méjèèjì nà gbọọrọ lórí iyanrìn, ọwọ́ mi yọ lókè orí wọn, ìka méjèèjì hàn kedere.

"Ojoojúmọ́ ni mo ń rí ọwọ́ ìyá rẹ," ni Bàbá wí. "O rò pé èmi ni mo mọ iye tó kù? Èmi ò mọ nǹkan kan. Òun ló ń wo ẹsẹ̀ yín. Èmi kàn ń pariwo, mo sì ń wo ilẹ̀. Bó bá ti ká ìka tó kẹ́yìn, mo fọn fèrè."

Mo fẹ́ fi ọwọ́ náà nu ojú.

"Má sọ ọwọ́ kalẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé ọ̀pá wọn, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nígbà tí a kọjá òpó àkọ́kọ́, mo ká ìka kan.